Ohun Tó Yẹ Ká Ti Sọ ní Ajah

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí Badore lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọ̀kan nínú wa ló gbé wa débẹ̀. Ó fẹ́ gba ohùn àwọn ìyá àgbà tó ṣì mọ oríkì ìdílé wọn sílẹ̀, torí ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí lápá Ajah: ibi tó jẹ́ abúlé apẹja lánàá ti di ẹ̀sítéètì lónìí. Ọ̀kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká, ọ̀kan mú fóònù méjì dání kí èkejì lè máa gba ohùn bí iná èkínní bá tán. Ẹ̀kẹta ò mú nǹkan kan dání ju ẹnu tí a fi ń kí àgbà lọ.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a wọ kọ́rọ́pẹ̀ padà. A ò tíì dé ibi tí a ti máa bọ́ sílẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá kan fi dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n tan iná sí ojú gbogbo èrò, wọ́n ní kí àwa mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Ìyá tó gbé agbọ̀n ẹja lé itan kò bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó wọ ṣáàtì ọ́fíìsì kò bọ́ sílẹ̀. Àwa nìkan ni.

"Kí lo ń fi fóònù méjì ṣe? Ṣí i."

A ṣí i. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè ohun tí wọ́n fura sí. Ní ọdún kìíní wa, a ṣe kọ́ọ̀sì kan tí a ti ka Orí Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, a sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, létí títì, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó wá sí wa lẹ́nu.

Ọ̀kan nínú wọn ń ka WhatsApp wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn ṣí kọ̀ǹpútà, ó rí àwọn ohùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó tẹ ọ̀kan, ohùn ìyá àgbà kan sì jáde, tó ń ki bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ọlọ́pàá náà tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀. Ó wá wò wá. "Irú ọfọ̀ wo lèyí? Ọmọ Yahoo ni yín."

Bí wọ́n ṣe kó wa lọ sí àgọ́ nìyẹn. A ò ní dárúkọ àgọ́ náà níbí, torí ohun tí a fẹ́ sọ kọjá àgọ́ kan.

Ní àgọ́, ọkùnrin kan tó tó bàbá wa lọ́jọ́ orí gbé bébà àti báírò wá, ó ní kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kọ sítétímẹ̀ǹtì. Kò ní kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Òun ló ń pe ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ wa ń kọ ọ́. Ó kọ orúkọ, ó kọ àdírẹ́sì, ó kọ ọdún tó wà ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà ní kó kọ pé òun máa ń fi kọ̀ǹpútà náà bá àwọn òyìnbó ṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báírò dúró. Àwa méjì tó kù wà lórí bẹ́ǹṣì, à ń wo báírò yẹn.

Obìnrin ọlọ́pàá kan ń kọjá lọ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Kò dúró, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó kàn sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ mi, ohun tójú ẹ rí ni kó o kọ o." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ wa gbé báírò kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè kọ ìyẹn." Nínú gbogbo ohun tí àwa mẹ́ta sọ lálẹ́ ọjọ́ náà, gbólóhùn yẹn nìkan ló fara jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká pe ẹbí. Mọ́mì ọ̀rẹ́ wa dé láti Sangotedo nígbà tí aago mẹ́sàn-án ti kọjá, pẹ̀lú ìborùn tí wọ́n so mọ́ra. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní béèlì wa jẹ́ 50,000 náírà. Mọ́mì bẹ̀ wọ́n títí ó fi di 20,000. Oní-POS wà ní òdìkejì títì, kódà ó dà bíi pé ó mọ ohun tí a wá ṣe. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn ọkùnrin tó gba owó náà, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ọn, tó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Mọ́mì kà á. Àwa náà kà á. Abẹ́ rẹ̀ la dúró sí tí a fi sanwó.

Nígbà tí a padà dé ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàárín wa. Ọ̀kan ní ìtìjú ló jẹ́ pé àwa tí a kàwé ò lè la ẹnu. Ó ní ká ní a ti sọ òfin fún wọn, wọn ì bá fi wá sílẹ̀. Èkejì ò gbà. Ó ní, "Bolanle Raheem ńkọ́? Ṣé òun náà ò mọ òfin ni?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tipẹ́, tàbí tí ẹ wà lókè òkun, ẹ lè má rántí orúkọ náà bó ṣe wà lọ́kàn ará Ajah. Lọ́ọ̀yà ni Bolanle Raheem. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, 25 Oṣù Kejìlá ọdún 2022, òun àti ẹbí rẹ̀ wà nínú mọ́tò lábẹ́ bíríìjì Ajah nígbà tí ọlọ́pàá kan yìnbọn lù ú. Ó kú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì sáyè fún un láti ka òfin kankan fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí a ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ sílé ni.

Ìbéèrè tí ọ̀rẹ́ wa béèrè náà ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè lẹ́bàá Lekki títí dé Ajah: bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ni àǹfààní pé ẹnì kejì mọ òfin? Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi ń gbé e yẹ̀ wò. Ibi tí a dé rèé.

Òfin ò dá ọta yẹn dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò parí sí abẹ́ bíríìjì. Wọ́n gbé ASP Drambi Vandi lọ síwájú Adájọ́ Ibironke Harrison ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn tó wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà wá jẹ́rìí ohun tí ojú wọn rí. Ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá jẹ́rìí. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹwàá ọdún 2023, adájọ́ sọ pé ó jẹ̀bi ìpànìyàn, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún un. Èyí ò jí òkú dìde. Àmọ́ ẹnì kan rí i, ó rántí rẹ̀, ó sì lọ sọ ọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ìbọn dún ní too-geeti Lekki ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ too-geeti nìkan. Ó gbọ́ ti àwọn tí ọlọ́pàá ti lù, tí wọ́n ti tì mọ́lé láti ọdún pípẹ́. Owó gbà-máà-bínú tí ìgbìmọ̀ náà yàn fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Ẹni tó bá ti mọ ọjọ́, tó mọ ibi, tó tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn, ó ní ohun tó máa gbé síwájú wọn.

Ìyẹn la wá rí pé àwa méjèèjì tó ń jiyàn ò gbà. Ìgbà méjì ni ìmọ̀ òfin ní. Ìgbà àkọ́kọ́ ni orí títì, níbi tí iṣẹ́ ẹni ti jẹ́ pé kí á délé láàyè kí ojú wa sì ríran kedere. Ìgbà kejì ni lẹ́yìn náà. Títì kì í ṣe kóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ borí ẹjọ́ lórí títì lè má dé kóòtù. Ẹni tó bá sì délé tó panu mọ́, ó ti bá wọn gbàgbé ẹjọ́ náà.

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àǹtí kan tó ti jáde ní ẹ̀ka wa kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. A ṣàlàyé bí ẹnu wa ṣe di. Àǹtí ní, "Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń wá a lọ́kàn. Ìbẹ̀rù kì í dúró de ògbufọ̀. Ẹ lọ fi èdè tí ẹ fi ń ké 'yéè' kọ ọ́." Wọ́n wá jókòó tì wá, a sì jọ tú u sí gbólóhùn mẹ́rin tó ṣeé sọ fún àgbà láìrí i fín. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ máa ka nọ́ńbà abala òfin fún ẹni tó gbé ìbọn dání. Àwa ni ká mọ nọ́ńbà náà. Ọlọ́pàá, "ẹ jọ̀ọ́ sà" ni kó gbọ́.

Gbólóhùn kìíní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ fura sí?" Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù. Ọlọ́pàá lè yẹ èèyàn wò bí ó bá ní ìdí tó ṣe gúnmọ́ láti fura, ṣùgbọ́n fóònù méjì nìkan kì í ṣe ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yéé tú fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn láìnídìí. Bó bá sì jẹ́ ara obìnrin ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, obìnrin ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Bí ẹni tó gbé ìbọn bá ṣì kọ̀ jálẹ̀ pé kí o ṣí fóònù, ṣí i. Àǹtí tẹnu mọ́ ìyẹn. Wo ojú rẹ̀, wo nọ́ńbà ọkọ̀, wo aago.

Gbólóhùn kejì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá ẹbí mi tàbí lọ́ọ̀yà sọ̀rọ̀ ná." Abala 35 ló fún wa ní èyí. Ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá lọ́ọ̀yà tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa: òfin ò ní kó jẹ́ lọ́ọ̀yà dandan. Ìyá ẹni tó ń ta ẹja ní Sangotedo wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́ọ̀yà lè kàn sí iléeṣẹ́ Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó tàbí Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ aláìní.

Gbólóhùn kẹta: "Ohun tójú mi rí ni mo lè kọ, Yorùbá ni mo sì fẹ́ fi kọ ọ́." Abala 35 kan náà sọ pé láàárín wákàtí 24, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Òfin tó de ẹjọ́ ọ̀daràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé bí ẹnì kan bá máa jẹ́wọ́, kí wọ́n ya á ní fídíò, tàbí kó jẹ́ pé lọ́ọ̀yà jókòó tì í. Òfin ọdún 2017 tó lòdì sí ìfìyàjẹni kò gbà kí ẹnikẹ́ni lu èèyàn kó lè sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ pé ọ̀gá ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka sítétímẹ̀ǹtì láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí àyè bá ṣófo lábẹ́ rẹ̀, ẹ fa ilà sí i.

Gbólóhùn kẹrin: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo la máa rí adájọ́?" Bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni òfin pè ní àsìkò tó tọ́ láti gbé èèyàn débẹ̀. Láti Ajah dé Lagos Island kò tó 40 kìlómítà. Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú ni òfin yọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì máa fi èèyàn sílẹ̀ ní àgọ́, oníduurò ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe owó. Wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyá nítorí ọmọ, wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀rẹ́ nítorí ọ̀rẹ́. Òfin ọlọ́pàá tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 kọ ọ́ síbẹ̀ kedere.

A mú gbólóhùn mẹ́rin yìí wá sí kíláàsì ní Sátidé kan. Ọ̀kan ń ṣe ọlọ́pàá, àwọn yòókù ń ṣe èrò ọkọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín ni gbogbo wa ń rín. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ṣe ọlọ́pàá ká ẹ̀rín kúrò lójú, ó tan iná fóònù sí ojú ẹni tó kéré jù nínú wa, ó ní, "Ṣí i." Ọmọ náà ò lè sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la tún un ṣe kí "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ fura sí?" tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé kíkà nìkan ò tó. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu kọ́ ọmọ ní oríkì rẹ̀ kó lè máa rántí ẹni tó jẹ́, ó yẹ ká fi ẹnu kọ́ èyí náà.

A gba gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fóònù, a fi ránṣẹ́ sí ilé. Mọ́mì ọ̀rẹ́ wa ló kọ́kọ́ fèsì. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀tọ́. Wọ́n ní, "Ṣé a lè gba 20,000 yẹn padà?"

Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà tí kò bófin mu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Nítorí náà, a kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. A kọ ọjọ́ síbẹ̀, a kọ aago, a kọ ibi tí wọ́n ti dá kọ́rọ́pẹ̀ dúró, a kọ ohun tí wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ wa fi kún sítétímẹ̀ǹtì. A lẹ rìsíìtì POS mọ́ ọn. A kọ nípa obìnrin tó gbé kúlà oúnjẹ pẹ̀lú, torí òótọ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n a ò ṣàpèjúwe rẹ̀, kí oore má baà di wàhálà sí i lọ́rùn. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú la kọ ọ́ sí, a sì fẹ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí National Human Rights Commission.

Orúkọ mẹ́ta ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Bí a ṣe ń kọ èyí, méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ò tíì fọwọ́ sí i. Mọ́mì rẹ̀ fẹ́ owó wọn padà, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí orúkọ ọmọ wọn wà nínú ìwé kankan tó máa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ojú títì yẹn náà ló máa ń gbà wálé. A ò lè sọ pé wọn ò rí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Àwa náà rí i lábẹ́ bíríìjì.

A ò fi ránṣẹ́ láìsí tirẹ̀. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó ti fẹ́ parí báyìí. Ohùn ìyá àgbà Badore ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti tẹ gbogbo oríkì náà sórí bébà, ó sì ní kí á jọ padà lọ kà á fún Ìyá kí wọ́n lè bá wa ṣàtúnṣe ibi tí a kò gbọ́ dáadáa. Àwa mẹ́ta náà la jọ ń lọ. Kọ́rọ́pẹ̀ náà la máa wọ̀.